Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Yíyan Ẹgbẹ́ fún Ìdíje Pokémon

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bóyá ọmọ yín ń ta eré tí àwọn ẹranko àràmàǹdà ti ń jà. Pokémon ni orúkọ eré náà. Ilẹ̀ Jàpáàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996. Wọ́n ń ṣe ìdíje àgbáyé lórí rẹ̀. Ti ọdún 2023 wáyé ní ìlú Yokohama.

Ẹranko 6 ni olùdíje ń kó wá. Olúkúlùkù á kọ́kọ́ wo 6 ti ẹnì kejì, lẹ́yìn náà á yan 4 nínú tirẹ̀. Méjì-méjì ni wọ́n ń jà.

Omi ń pa iná, iná ń jó ewé, ewé ń fa omi mu. Kò sí èyí tí ó borí gbogbo wọn. Ẹni tí ó kó kìkì ẹranko iná jọ yóò kàgbákò lọ́wọ́ olómi. Ìyá tí ń di ẹrù lọ sí ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, ṣé ata nìkan ni yóò dì? Rárá o. Kò mọ ohun tí oníbàárà máa béèrè.

A kọ agbára ẹranko kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ kà á lédè Faransé, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún yín, kí ẹ̀yin náà sì kọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ bi í pé: “Èéṣe tí o fi yan èyí?” Ọmọ tí ó bá rí ìdí sọ ń lo ọpọlọ rẹ̀.

Ìbéèrè
1. Ẹranko mélòó ni olùdíje ń yàn nínú 6?
2. Kí ni ó ń borí iná?
3. Ẹ kọ ẹrù 4 tí ẹ ó dì lọ sí ọjà, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀.