Lambo: Dókítà Tó Di Ọ̀gá Yunifásítì

Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí wọ́n bí ní 1923, kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti 1954, ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tó wà ní Arò, ní Abẹ́òkúta, kò ti gbogbo aláìsàn mọ́ inú ọgbà ilé ìwòsàn. Ó ní kí wọ́n máa gbé nílé àwọn ará abúlé tó wà nítòsí, kí mọ̀lẹ́bí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n máa wá gba oògùn lójúmọmọ. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láti bá a ṣiṣẹ́. Ìgboyà ńlá nìyẹn, òun ló sì gbé orúkọ rẹ̀ dé òkèèrè.

Lẹ́yìn náà ló di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn títí di 1971. Láti 1973 sí 1988, ó jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ó kú ní 2004.

Ní orílẹ̀-èdè Benin náà, ọ̀nà wà fún ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé ipasẹ̀ Lambo: Yunifásítì Parakou, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn. Kí ọmọ Bassila tàbí Manigri tó bá fẹ́ ṣe dókítà gba ibẹ̀ lọ, kó má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú ìmọ̀ àwọn àgbà ilé rẹ̀.