Owó Fọ́ọ̀mù Kì í Ṣe Owó Ìgbàwọlé: Ẹ̀kọ́ Lórí Àyẹ̀wò Kíákíá ní Pápá Ọkọ̀ Òfuurufú Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn olówó létí àwọn kan nínú wa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ó kàn wá.

Ohun tó bí i nìyí. Ní àkókò ìsinmi ní ọdún 2024, bàbá ọ̀rẹ́ mi kan pè mí sí pálọ̀ wọn. Ọmọ wọn àgbà ti gba físà akẹ́kọ̀ọ́, ó ń múra àtilọ sí Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan tó ń bá wọn sáré ìwé wá sọ pé kí wọ́n san náírà 150,000 sí i, kí òun bá wọn fi ohun kan tó ń jẹ́ PreCheck mọ́ físà náà, kí wọ́n má baà dá ọmọ náà dúró ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Bàbá ní, “Ìwọ tó o wà ní ilé-ìwé gíga, fi Yorùbá ṣàlàyé nǹkan yìí fún mi, kí n mọ ohun tí mo fẹ́ sanwó fún.” Ojú tì mí. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, Yorùbá tí a ń sọ nílé ni mo sì gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ nǹkan náà ní Gẹ̀ẹ́sì, áńbọ̀sì-bọ́sí Yorùbá. Mo tọrọ ọjọ́ méjì kí n lọ kà nípa rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa padà dé, bàbá ti san ààbọ̀ owó náà. Owó ọ̀hún kò padà wá di òní olónìí.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹlòmíràn má baà pẹ́ bí mo ti pẹ́.

1. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Kí ọdún 2001 tó dé, àyẹ̀wò èrò ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà kò le tó báyìí. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án ọdún náà, tí àwọn apániláyà já ọkọ̀ òfuurufú mẹ́rin gbà, ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Ní oṣù kọkànlá, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dá àjọ TSA sílẹ̀ láti máa mójú tó àyẹ̀wò èrò. Láti ìgbà náà, ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan ń bí òfin tirẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2001, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Reid fi bọ́ǹbù pamọ́ sínú bàtà rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bíbọ́ bàtà ti wá, èyí tí wọ́n sọ di dandan fún gbogbo èrò ní ọdún 2006. Ní oṣù kẹjọ 2006 kan náà, ọwọ́ tẹ àwọn kan ní Ìlú Ọba tí wọ́n fẹ́ fi ohun olómi ṣe bọ́ǹbù. Òun ló fa òfin pé ìgò ohun olómi tí èèyàn ń gbé lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlílítà 100 lọ.

Ọ̀ràn kẹta kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2009, ọmọ Nàìjíríà kan, Umar Farouk Abdulmutallab, tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ láti Èkó, gbìyànjú láti fi bọ́ǹbù ba ọkọ̀ òfuurufú tó ń ti Amsterdam lọ sí Detroit jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni bàbá rẹ̀ ti lọ fi ọ̀rọ̀ ọmọ náà tó ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà létí ní oṣù kan ṣáájú. Ní oṣù kìíní 2010, Amẹ́ríkà ka Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 14 tí wọn yóò máa yẹ àwọn èrò wọn wò ju ti àwọn yòókù lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n yí ìlànà yẹn padà.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Wọ́n ń yẹ bàtà gbogbo ayé wò, ṣùgbọ́n ìròyìn nípa ẹnì kan tó yẹ kí wọ́n mójú tó wà nílẹ̀, wọn kò sì lò ó. Bí a bá ń yẹ gbogbo èèyàn wò bákan náà, ìlà á gùn, ojú á sì rẹ ẹni tó ń wò. Ọgbọ́n PreCheck kò ju èyí lọ: ẹni tí a bá ti mọ ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a kì í da ìbéèrè bò ó lẹ́nu ọ̀nà. Ní oṣù kẹwàá 2011 ni TSA bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní pápá ọkọ̀ mẹ́rin: Atlanta, Detroit, Dallas àti Miami. Ní oṣù kejìlá 2013, wọ́n ṣí i sílẹ̀ kí ará ìlú lè fúnra rẹ̀ gba fọ́ọ̀mù, ní dọ́là 85. Lónìí ó ti wà ní pápá ọkọ̀ tó ju 200 lọ.

2. Orúkọ mẹ́rin tí a kò gbọdọ̀ dà pọ̀

PreCheck jẹ́ ti ẹni tó ń wọ ọkọ̀. Ẹni tó bá ní in yóò gba ìlà tirẹ̀, kò ní í bọ́ bẹ́líìtì àti jákẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sì ní í yọ kọ̀ǹpútà alágbèéká àti ohun olómi jáde nínú àpò. Tẹ́lẹ̀, àìbọ́ bàtà wà lára èrè rẹ̀, ṣùgbọ́n láti oṣù keje 2025 ni TSA ti fòpin sí bíbọ́ bàtà fún gbogbo èrò.

Global Entry jẹ́ ti ẹni tó ń ti òkè òkun wọ Amẹ́ríkà. Àwọn aṣọ́bodè wọn, tí a ń pè ní CBP, ló ni ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2008. Ẹni tó bá ní in kì í tò sórí ìlà gígùn tí wọ́n ti ń wo ìwé ìrìnnà. Ó sì tún ń jẹ èrè PreCheck pẹ̀lú rẹ̀.

NEXUS jẹ́ ti ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ìjọba méjèèjì ló jọ ń ṣe é.

CLEAR kì í ṣe ti ìjọba. Ilé-iṣẹ́ aládàáni ló ni ín, wọ́n sì máa ń fi ojú tàbí ìka èèyàn dá a mọ̀ kíákíá níbi tí wọ́n ti ń wo ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, àyẹ̀wò ẹrù ṣì ń dúró dè é bí ó ti ń dúró de ẹlòmíràn, àfi bí ó bá ní PreCheck.

3. Ta ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ bàbá ọ̀rẹ́ mi wà. Ẹni tó lè gba fọ́ọ̀mù PreCheck ni ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní ìwé ìgbélùú tí gbogbo ayé mọ̀ sí green card. Global Entry gba àwọn wọ̀nyí, ó sì tún gba ọmọ orílẹ̀-èdè mélòó kan tí Amẹ́ríkà bá ṣe àdéhùn. Ìlú Ọba, Jámánì, Íńdíà, Síńgápọ̀ àti Gúúsù Kòríà wà nínú wọn. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. NEXUS wà fún ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti ti Kánádà, àti àwọn tó ní ìwé ìgbélùú ní ibi méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká fi èèyàn mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ. Àǹtí yín tó ti gba ìwé ìrìnnà Ìlú Ọba ní London lè gba fọ́ọ̀mù Global Entry. Ẹ̀gbọ́n yín tó ní green card ní Houston, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, lè gba PreCheck tàbí Global Entry. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìwé ìrìnnà Nàìjíríà àti físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé kò lè gba ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kò sí aṣojú kankan tó lè fi mọ́ físà fún un, nítorí kì í ṣe ara físà rárá. Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é, ẹ bi í pé níbo ni ìtẹ̀ka yóò ti wáyé. Ẹnu rẹ̀ á wọhò.

Ní ti àwọn ọmọdé, ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ lè tẹ̀ lé òbí rẹ̀ gba ìlà PreCheck láìsanwó. Ọmọ ọdún 13 sí 17 náà lè tẹ̀ lé e bí wọ́n bá jọ wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà tí àmì PreCheck sì hàn lórí ìwé ìwọkọ̀ ọmọ náà. Ti Global Entry yàtọ̀: ọmọ ọwọ́ pàápàá gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀.

4. Èló ni?

Ọdún márùn-ún ni PreCheck, Global Entry àti NEXUS fi ń ṣiṣẹ́. Owó PreCheck wà láàárín nǹkan bíi dọ́là 77 sí 85, gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ tí TSA gbé ìforúkọsílẹ̀ lé lọ́wọ́ bá ṣe gbé e kalẹ̀. Global Entry jẹ́ dọ́là 100 tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2024 ó di dọ́là 120. NEXUS tó jẹ́ dọ́là 50 náà di 120 lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í san owó Global Entry bí òbí rẹ̀ bá ti wà nínú ètò náà tàbí tí wọ́n jọ gba fọ́ọ̀mù. CLEAR ló wọ́n jù, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń san án, ó sì ju dọ́là 180 lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Dọ́là 120 lórí ọdún márùn-ún jẹ́ dọ́là 24 lọ́dún. PreCheck dọ́là 80 jẹ́ dọ́là 16 lọ́dún. Ìyàtọ̀ dọ́là 8 péré lọ́dún ni. Ẹni tó bá ń wálé ṣọdún láti Amẹ́ríkà, Global Entry ló yẹ ẹ́, níwọ̀n ìgbà tí PreCheck ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju àárín Amẹ́ríkà lọ lè fi PreCheck mọ.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù rèé: owó náà kì í padà. Bí wọ́n bá gbà ọ́, bí wọn kò gbà ọ́, ó ti lọ nìyẹn. Gbogbo wa la mọ JAMB. A ra fọ́ọ̀mù, a jókòó ṣe ìdánwò, síbẹ̀ kì í ṣe gbogbo wa ni wọ́n gbà lọ́dún tí a kọ́kọ́ ṣe é. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí níbí. Owó tí wọ́n ń gbà jẹ́ owó láti wádìí rẹ, kì í ṣe owó láti gbà ọ́ wọlé.

5. Bí wọ́n ṣe ń wádìí, àti ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́

Ẹni tó fẹ́ PreCheck yóò lọ fara hàn, yóò tẹ̀ka, yóò sì fi ìwé tó fi hàn pé ó lẹ́tọ̀ọ́ hàn. Bí ó bá yege, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà kan. Bí kò bá kọ nọ́ńbà yìí sínú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tàbí tí orúkọ orí tíkẹ́ẹ̀tì kò bá orúkọ tó fi gba fọ́ọ̀mù mu, àmì PreCheck kò ní í hàn. Àwa tí a ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta mẹ́rin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ra! Nígbà mìíràn pàápàá, wọ́n lè ní kí ẹni tó ní nọ́ńbà lọ tò sórí ìlà gbogbogbòò, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ọ̀nà dájú. Ti Global Entry ní ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú aṣọ́bodè.

Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí kò ní ìdáríjì lọ́dọ̀ TSA, bí ìpànìyàn, ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba àti ìpániláyà. Àwọn mìíràn, bí ìdigunjalè, ìjínigbé, ẹ̀bùn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ àti jìbìtì, lè dínà mọ́ èèyàn fún ọdún mélòó kan. Irọ́ pípa sínú fọ́ọ̀mù náà tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Èyí tó sì ń mú àwọn èèyàn wa jù láìròtẹ́lẹ̀ ni oúnjẹ. Ìyá á di ìgbín gbígbẹ, pọ̀nmọ́ àti ẹran ìgbẹ́ fún ọmọ. Ọmọ náà á dé Amẹ́ríkà, á ní òun kò gbé oúnjẹ. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé e, wọ́n sì lè gba Global Entry lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àná ló san dọ́là 120. Bí ó bá jẹ́wọ́ ohun tó gbé, èyí tó burú jù ni pé wọ́n á gba ẹran náà. Ẹran lọ, orúkọ rere kù.

6. Kí ni ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ lè ṣe?

Ohun púpọ̀ ló wà tí kò gba kọ́bọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìwé I-20 tí ilé-ìwé rẹ̀ fún un sínú àpò ọwọ́, kì í ṣe inú ẹrù ńlá. Kí ó fi kọ̀ǹpútà sí òkè àpò. Kí ìgò ìpara àti òróró rẹ̀ má ju mìlílítà 100 lọ. Kí ó sọ òtítọ́ nípa oúnjẹ. Kí àkókò tó wà láàárín ọkọ̀ kan sí èkejì tó, nítorí ìlà lè gùn. Gbogbo ìwọ̀nyí ni ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi ṣe. Ó jáde sí ìta láìsí wàhálà, láìní PreCheck.

Nígbà tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí tán fún bàbá lọ́jọ́ náà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Èmi tí mo rò pé mo ń ra ọ̀nà fọ́mọ mi.” Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àwa ni àwọn òbí wa ń wojú rẹ̀ bí ìwé àjèjì bá dé. Bí a kò bá lè fi èdè tí wọ́n gbọ́ ṣàlàyé fún wọn, ẹlòmíràn á ṣàlàyé rẹ̀, á sì gbowó lórí rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé wa:
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín PreCheck àti Global Entry?
2. Bọ́lá ní green card, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ló sì ń gbé. Èwo ni ó lè gbà? Ṣàlàyé.
3. Tọkọtaya kan tó ní ọmọ méjì, ọdún 9 àti ọdún 15, fẹ́ gba Global Entry lẹ́ẹ̀kan náà. Dọ́là mélòó ni wọn yóò san fún gbogbo wọn?