Bí Kóòtù Bá Dá Wa Láre, Ṣé Ọ̀rọ̀ Ti Parí?

  

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ó kọjá, ọkùnrin kan dúró dè wá lẹ́yìn ìrun títí àwọn ènìyàn fi túká. Ó ní bàbá àwọn fi ilé kan sílẹ̀. Lẹ́yìn ikú bàbá ni àbúrò òun náà kú, ó sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé yìí di ẹjọ́ láàrin òun àti àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀. Kóòtù dá òun láre, nítorí pé òun mú ìwé lọ tí ó sọ pé bàbá ti fún òun ní ilé náà nígbà ayé rẹ̀, ìtẹ̀ka bàbá sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò ní ìwé kankan. Ó wá ní, "Àfáà, ẹ dákun, ṣé hàláàlì ni ilé náà fún mi báyìí?" A bi í pé ìgbà wo ni bàbá tẹ ìwé náà. Kò dáhùn. Ó kàn tún ìbéèrè rẹ̀ bi wá ni.

Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ilé kan ṣoṣo ni èyí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní yunifásítì máa ń gbé wá ni, aṣọ tí ó wọ̀ ni ó yàtọ̀. Àwọn a máa béèrè pé: níbo ni rere àti búburú ti wá? Ṣé òfin ìlú ni ó sọ nǹkan di rere, àbí làákàyè ọmọ ènìyàn, àbí ìdájọ́ Ọlọ́hun? Bí kò bá sí Ọjọ́ Ẹ̀san, ṣé ènìyàn kò lè jẹ́ ọmọlúàbí ni? Àwọn kan nínú àwa àgbà a máa fi ìbínú dáhùn pé ẹni tí kò bá gba Ọjọ́ Ìkẹyìn gbọ́ kò lè mọ rere rárá. Ìdáhùn yẹn kò tọ̀nà. Ìtàn Ànábì wa fúnra rẹ̀ ni ó já a.

Nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ nǹkan bí ọdún 20, tí ìmísí kò tíì dé, oníṣòwò kan láti Zabid ní ilẹ̀ Yemen kó ọjà wá sí Mẹ́kà. Al-As ọmọ Wa'il, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́lá Quraysh, gba ọjà náà, ó sì kọ̀ láti san owó. Àlejò ni ọkùnrin yìí, kò ní ìbátan tí yóò gbèjà rẹ̀. Ó gun orí òkè Abu Qubays, ó ké sí àwọn Quraysh tí wọ́n jókòó lẹ́bàá Kaaba pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Ni àwọn ìdílé mélòó kan bá péjọ sí ilé Abdullah ọmọ Jud'an, wọ́n sì búra pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ṣe àbòsí sí ní Mẹ́kà, ì báà ṣe onílé, ì báà ṣe àlejò, àwọn yóò dúró tì í títí ẹ̀tọ́ rẹ̀ yóò fi padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ìbúra yìí ni à ń pè ní Hilf al-Fudul. Wọ́n tọ Al-As lọ, wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ ọkùnrin náà. Ànábì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó ti di Òjíṣẹ́, ó ṣì ń yin ìbúra náà, ó sì jẹ́ kí á mọ̀ pé bí wọ́n bá pe òun sí irú rẹ̀ nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, òun yóò jẹ́ ìpè.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó búra lọ́jọ́ náà, òrìṣà ni wọ́n ń bọ, wọn kò sì gbà pé egungun tí ó ti jẹrà lè dìde. Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó bá jẹ òógùn ojú àlejò ti ṣe ibi. Ta ni ó kọ́ wọn? Súrà Aṣ-Ṣamsi jẹ́ kí á mọ̀ pé Ọlọ́hun tí ó dá ọkàn ni ó fi ìmọ̀ ibi àti ìmọ̀ rere mọ̀ ọ́n.

Àwọn onímọ̀ wa bá ara wọn jiyàn gan-an lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Mu'tazila ní Basra àti Baghdad sọ pé làákàyè nìkan tó láti mọ rere yàtọ̀ sí búburú kí òjíṣẹ́ tó dé. Abu al-Hasan al-Ash'ari, tí ó ti wà pẹ̀lú wọn títí ó fi sún mọ́ ẹni 40 ọdún, yà kúrò lọ́dọ̀ wọn, ó ní ohun tí Ọlọ́hun bá pa láṣẹ ni rere. Abu Mansur al-Maturidi ní Samarqand dúró sí àárín: làákàyè ríran, ṣùgbọ́n ìríran rẹ̀ ní òpin. Ọ̀nà al-Ash'ari ni wọ́n fi kọ́ wa ní ilé kéwú, òun náà ni a sì wà lórí rẹ̀. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìjiyàn àwọn àgbà wọ̀nyẹn bo ẹjọ́ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ Al-As. Nígbà tí Ànábì ti ń pe àwọn ènìyàn sí ẹ̀sìn, Khabbab ọmọ al-Aratt, alágbẹ̀dẹ kan tí ó ti gba ẹ̀sìn, ṣiṣẹ́ fún Al-As, ó sì lọ sin owó rẹ̀. Al-As ní òun kò ní san án àfi bí ó bá kọ Muhammad sílẹ̀. Khabbab ní òun kò ní kọ̀ ọ́ títí Al-As yóò fi kú tí wọn yóò sì tún jí i dìde. Al-As wá ń fi í ṣe ẹlẹ́yà: ó ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó dúró de òun lọ́jọ́ náà, òun yóò ní owó àti ọmọ níbẹ̀, òun yóò sì san gbèsè rẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ẹsẹ 77 Súrà Mariyama ti sọ̀kalẹ̀.

Ọkùnrin kan náà ni, ìwà kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà ti oníṣòwò Zabid, ìlú dìde. Nígbà ti Khabbab, kò sí ẹni tí ó péjọ sí ilé ẹnikẹ́ni. Níbi tí ọwọ́ ènìyàn bá dé, òfin lè dúró láìsí ìgbàgbọ́ nínú Ọjọ́ Ẹ̀san, àwa kò sì jiyàn èyí. Ẹni tí ọwọ́ ènìyàn kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ńkọ́? Súrà Al-Mutaffifīn bá àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù wí, ó sì bi wọ́n bóyá wọn kò rò pé a ó jí wọn dìde fún ọjọ́ ńlá kan ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra gàrí lọ́jà mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ìjọba wo ni yóò dúró ti igbá ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan?

Ìyá àwọn onígbàgbọ́, Ummu Salamah, ni ó gba ọ̀rọ̀ tí ó kan ọkùnrin onílé wa gan-an wá fún wa. Àwọn ọkùnrin méjì gbé ẹjọ́ ogún wá sọ́dọ̀ Ànábì. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ní ẹlẹ́rìí nínú wọn. Ànábì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ènìyàn ni òun, pé ẹnì kan lè mọ ọ̀rọ̀ rò ju ẹnì kejì lọ, pé ohun tí òun bá gbọ́ ni òun yóò fi dájọ́. Nítorí náà, ẹni tí òun bá gé lára ẹ̀tọ́ arákùnrin rẹ̀ fún, iná ni òun gé fún un, kí ó má ṣe gbà á.

Ẹ ro ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe adájọ́ tí ó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ni, tí Jibrīl ń sọ̀kalẹ̀ wá bá. Bí ìdájọ́ tirẹ̀ kò bá sọ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn di tiwa, òǹtẹ̀ kóòtù wo ni yóò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? A kò fi èyí tẹ́ńbẹ́lú kóòtù. Ìlú tí kò ní kóòtù yóò tú. Ìwé ni adájọ́ rí, ẹlẹ́rìí ni ó gbọ́, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ. Abu Hanifa sọ ohun tí ó yàtọ̀ lórí ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ tí adájọ́ bá fi ẹ̀rí èké dá, ṣùgbọ́n lórí dúkìá, òun àti Maliki wa fẹnu kò: ohun tí ó jẹ́ háràámù lábẹ́lẹ̀, ìdájọ́ kò lè sọ ọ́ di hàláàlì. Ẹsẹ 188 Súrà Al-Baqarah náà bá àwọn tí ń gbé dúkìá lọ bá àwọn adájọ́ láti fi jẹ ìpín ẹlòmíràn wí, ó sì fi kún un pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìmọ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Àwa àfáà náà kò yọ sílẹ̀ o: a mọ ibi tí wọ́n ti pe àfáà wá pín ogún, tí ó sì tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fún un lówó ọkọ̀.

Ọmọ kan sọ fún wa pé ẹni tí ó bá ń ṣe rere nítorí ìbẹ̀rù iná kò tíì ṣe rere, ẹ̀rù ni ó ṣe é. Kí ọmọ yẹn wo bí ẹjọ́ náà ti parí. Àwọn ọkùnrin méjèèjì bú sẹ́kún, oníkálukú sì ní kí ẹ̀tọ́ òun di ti ẹnì kejì. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ó dá oníkálukú wọn lójú pé òun ni ó jàre. Ọ̀rọ̀ iná ni ó jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí ara wọn. Ànábì wá ní kí wọ́n lọ pín in, kí wọ́n wá ohun tí ó tọ́, kí wọ́n ṣẹ́ kèké, kí oníkálukú sì yọ̀ǹda fún ẹnì kejì.

Ohun tí a sọ fún ọkùnrin wa nìyẹn. A ní bí ó bá mọ̀ pé ìtẹ̀ka yẹn kì í ṣe ti bàbá, tàbí pé bàbá kò mọ ohun tí ó tẹ̀, ìpín àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ń bẹ nínú ilé náà, bí kóòtù mẹ́wàá tilẹ̀ fi òǹtẹ̀ lù ú. Bí kò bá sì dá a lójú, kí ó pe àwọn ọmọ náà jókòó. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bi wá pé owó tí òun san fún lọ́yà ńkọ́, ta ni yóò dá a padà? A ní kí ó máa lọ sílé, kí ó sì ronú sí i. Kò tíì padà wá bá wa.

Ní Jímọ̀ tí ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́, a ó ka ẹsẹ 11, 12 àti 176 nínú Súrà An-Nisā'i lórí bí a ti ń pín ogún. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ẹbí rẹ̀ mú ìbéèrè rẹ̀ wá.