Àwọn Ọ̀rọ̀ fún Ìpààrọ̀ Irinṣẹ́ Nídìí Àga Ìtọ́jú Eyín

Bí oníṣègùn eyín bá jókòó ti aláìsàn, tí amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì jókòó sí òdìkejì, ọwọ́ mẹ́rin ni ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀nà ìṣiṣẹ́ yìí, tí ó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1969, ni a ó pè ní ìtọ́jú ọlọ́wọ́-mẹ́rin níhìn-ín. Kókó rẹ̀ ni pé kí oníṣègùn má ṣe gbé ojú kúrò lára eyín nígbà tí ó bá fẹ́ gba irinṣẹ́ mìíràn.

Ojú aago ni àwọn olùkọ́ fi ń ṣàpèjúwe ìjókòó. Kí á gbà pé orí aláìsàn wà láàárín aago, kí agogo 12 sì wà lókè àtàrí rẹ̀. Oníṣègùn tí ń lo ọwọ́ ọ̀tún yóò wà láàárín agogo 7 sí 12. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò wà láàárín agogo 2 sí 4, ìjókòó rẹ̀ yóò sì fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 ga ju ti oníṣègùn lọ. Láti agogo 4 sí 7, lókè àyà aláìsàn, nísàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀, ni ààyè ìpààrọ̀. Irinṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba ojú aláìsàn kọjá.

Bí oníṣègùn bá ti gbé irinṣẹ́ kúrò lára eyín díẹ̀, láìgbé ìka ìfaratì rẹ̀ kúrò, àmì ni. Amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò ti fi àtàǹpàkò, ìfábẹ̀lá àti ìka àárín di irinṣẹ́ tuntun mú, ní ọ̀gbọọgba pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, kí méjèèjì má baà kọlu ara wọn. Ọmọńdinrín àti ìka tí ó tẹ̀ lé e ni yóò fi gba ti àkọ́kọ́, tí yóò ká a sí àtẹ́lẹwọ́, kí ó tó fi tuntun lé oníṣègùn lọ́wọ́. Ẹ̀mú tí a fi ń yọ eyín yàtọ̀: àtẹ́lẹwọ́ oníṣègùn ni à ń gbé e lé.

Ọ̀rọ̀ méjì ni ó lè dá wàhálà sílẹ̀ fún atúmọ̀ èdè. Èkíní ni ẹnu. A ní ẹnu ọ̀bẹ, a ní ẹnu àdá. Yorùbá a máa fi orúkọ ẹ̀yà ara pe apá kan lára irinṣẹ́. Ṣùgbọ́n nídìí àga yìí, ẹnu aláìsàn ni ẹnu. Bí a bá ní, "Kọ ẹnu sókè," aláìsàn lè gbé àgbọ̀n sókè nígbà tí irin mímú wà lẹ́nu rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe yan ṣóńṣó: ṣóńṣó sókè fún eyín òkè, ṣóńṣó sísàlẹ̀ fún eyín ìsàlẹ̀. Òtítọ́ ni pé kò bá dígí ẹnu mu, nítorí orí dígí náà rí róbótó, ṣùgbọ́n mo fara mọ́ àbùkù yẹn ju àṣìgbọ́ lọ.

Èkejì ni ọwọ́ òsì. Ọwọ́ òsì ni amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ fi ń ṣe ìpààrọ̀, bẹ́ẹ̀ a kì í fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a tọ́ dáadáa lè lọ́ tìkọ̀, kí ó sì fẹ́ lo ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni ó fi di ọ̀pá ìfatọ́ mú. Bí ó bá yọ ọ́, itọ́ àti omi yóò bo eyín tí à ń tọ́jú. Mo dábàá pé kí á fi iṣẹ́ ọwọ́ sọ ọ́ lórúkọ: ọwọ́ ìpààrọ̀ àti ọwọ́ ìfatọ́. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀. Bí oníṣègùn bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, gbogbo ìjókòó yóò yí padà, ọwọ́ ọ̀tún amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni yóò sì máa ṣe ìpààrọ̀. Orúkọ méjèèjì kò ní yí padà.