Àpótí Ìmọ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Ìwé Àtúnṣe Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1981, IBM gbé kọ̀ǹpútà PC rẹ̀ àkọ́kọ́, 5150, jáde. Ìwé Technical Reference rẹ̀ ya àwòrán ọ̀nà tí iná ń gbà nínú bọ́ọ̀dù, ó sì tẹ gbogbo àṣẹ inú BIOS rẹ̀ (ètò tó máa ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí a bá tan kọ̀ǹpútà) síta. Ìwé Commodore 64, tó jáde ní 1982, náà ní àwòrán bẹ́ẹ̀.

Bí ọ̀kan nínú irú àwọn kọ̀ǹpútà yìí bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́:

• Kọ nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé 5150 kọ́ ni ti 5160, kọ̀ǹpútà IBM mìíràn.

• Wá ìwé rẹ̀ lórí ìkànnì Internet Archive. Ọ̀fẹ́ ni.

• Fi mítà wọn iná pawa sọ́páláì kí o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ti Commodore 64 tó ti gbó lè mú iná jáde ju fóòtì 5 lọ, kí ó sì ba mẹ́mórì jẹ́.

• Bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti tún irú rẹ̀ ṣe rí. Abèèrè kì í ṣìnà.

Ìkìlọ̀: Má ṣe tú mọ́nítọ̀ àtijọ́ fúnra rẹ. Iná tó lè pani lè wà nínú rẹ̀ kódà lẹ́yìn tí o bá ti yọ ọ́ lára iná.