Ẹsẹ̀ ń jó bí ata, ìrìn ń dínkù: báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ohun tó ń ṣe èèyàn?

Ọ̀rọ̀ ìrora tí kò lójú egbò la gbé dé lónìí. Ẹsẹ̀ kò wú, kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, síbẹ̀ ẹni náà ń sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ òun ń jó òun bíi pé wọ́n fi ata pa á. Nígbà tó yá, ọ̀pá ló fi ń rìn.

Láti Ìkọ̀lé dé Ọyẹ́ títí dé Ìdó, ẹ ó gbọ́ ohun táwọn èèyàn máa ń sọ: "Ó ti tẹ oògùn mọ́lẹ̀." Àwọn mìíràn á ní, "Làkúrègbé ni, àgbà ló ń dé." Bó bá sì jẹ́ ọ̀dọ́ ni, wọ́n á ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Àbùkù kan náà ló wà lára ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: wọ́n dáhùn kí wọ́n tó béèrè.

Ọmọ Èkìtì tó béèrè

Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun, tí wọ́n bí ní Òkèmẹ̀sí-Èkìtì lọ́dún 1935, wà lára àwọn dókítà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tó kọ́ ìmọ̀ nípa ọpọlọ àti iṣan ìmọ̀lára. Iṣan ìmọ̀lára ni àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó rí àwọn àgbàlagbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ń jó, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí wọ́n bá ń rìn. Ojú àwọn kan nínú wọn ń ṣe bàìbàì, etí àwọn mìíràn sì ń di.

Kí ló ṣe? Ó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń jẹ. Oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni lójoojúmọ́, ẹja, ẹran àti ẹ̀wà kò sì tó nǹkan. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n rí i pé ohun tí sáyánáìdì máa ń dà nínú ara pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ dán iṣan ìmọ̀lára wọn wò, wọ́n rí i pé kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ó tẹ ìwádìí náà jáde lọ́dún 1968. Wọ́n tún lọ sí Ọ̀sọ̀sà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ìlú Hubert Ògúndé, láti mọ iye àwọn tó ní in. Ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2000 fi hàn pé àrùn náà ṣì wà ní Ọ̀sọ̀sà, àwọn onímọ̀ kan sì ń jiyàn bóyá sáyánáìdì nìkan ló ń fà á.

Ṣé ká má jẹ ẹ̀bà mọ́ ni?

Rárá o! Ẹ̀gẹ́ tútù ní ohun tó lè di sáyánáìdì nínú. Bí a bá rin ín, tí a jẹ́ kó kan dáadáa, tí a fún omi rẹ̀, tí a sì yan án, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ti lọ. Ara wa náà máa ń fi èròjà inú ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja pa agbára ìyókù. Ewu wà níbi tí wọ́n bá ti ń kánjú ṣe gàrí, tí kò sì sí ohun gidi tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àmọ́ púpọ̀ jù lọ nínú ìrora ẹsẹ̀ kò kan ẹ̀gẹ́ rárá. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìbéèrè ló ṣáájú àyẹ̀wò.

Ohun tí ìrora ń sọ

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe ń ṣe máa ń tọ́ka síbi tó yẹ ká wò:

- Ó ń jó, ó ń gún bí abẹ́rẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì ló sì ti bẹ̀rẹ̀: iṣan ìmọ̀lára ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára ohun tó sábà ń fà á.
- Ọ̀dọ́ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS ń tiro, abẹ́ ìtan sì ń dùn ún: ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí egungun ìgbáròkó mọ́, kí egungun náà máa kú díẹ̀díẹ̀. X-ray lè má tètè rí i, MRI ló máa ń tètè rí i.
- Oríkèé ọwọ́ wú, ó sì ń le gbagidi fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láràárọ̀: oríkèé tó ń gbóná ni, kì í ṣe ọjọ́ orí lásán.
- Ẹ̀yìn ń dunni lóru, ibà wà, ara ń rù: àrùn TB lè wọ egungun ẹ̀yìn.

Dókítà tún lè ní kí ẹni náà dúró, kó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kó sì di ojú. Bó bá fẹ́ ṣubú kété tó dijú, ẹsẹ̀ kò ròyìn fún ọpọlọ dáadáa mọ́, ojú ló ti ń bá a ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ìrìn irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ń burú sí i nínú òkùnkùn. Ẹ má dá èyí dánwò fún ìyá àgbà nílé o, kó má lọ ṣubú.

Ohun tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè ṣe

Ẹ mú fóònù yín. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìrora bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń mú un le sí i àti gbogbo oògùn tí wọ́n ti lò, títí kan àgbo. Ẹ ya fídíò bí màmá tàbí bàbá ṣe ń rìn. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín ní Ìkọ̀lé tàbí Ọyẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wọn lọ, ẹ béèrè ìwé tí ẹ máa mú lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa po oògùn ìrora mọ́ra wọn ní kẹ́míìsì. Ó lè da inú àti kíndìnrín rú, bí dexamethasone bá sì wà nínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó lè pa egungun ìgbáròkó gan-an tí a ń tọ́jú.

Bí ẹsẹ̀ bá ń rọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ kò bá ṣeé mú dúró mọ́, tàbí tí abẹ́ bá kú tipiri, ẹ má dúró dọ̀la. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni!

A ò ní parọ́: mímọ orúkọ àrùn kì í ṣe ìwòsàn. Iṣan tó ti bàjẹ́ tipẹ́ lè má padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n ìtọ̀ ṣúgà ṣeé kápá, TB ṣeé wò, ìgbáròkó sì ṣeé pààrọ̀. Àkókò la fi ń ra gbogbo rẹ̀. Ẹ rántí, ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà.