Àpótí Ìmọ̀: Ìtàn Kúkúrú Wo Ló Yẹ Kíláàsì?

Ìtàn tí a lè kà tán láàárín ìṣẹ́jú 40, tí àríyànjiyàn rẹ̀ kò sì ní tán bọ̀rọ̀, ni kí olùkọ́ wá. (Èyí tó bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ni, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.) "Dead Men's Path" ti Chinua Achebe, tó wà nínú ìwé Girls at War (1972), yẹ fún iṣẹ́ yìí dáadáa. Ọ̀gá ilé-ìwé kan, Michael Obi, dí ọ̀nà tí ará abúlé gbà pé àwọn òkú ń gbà lọ, tí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ wáyé sì ń gbà wọlé. Obìnrin kan kú lórí ìkúnlẹ̀. Ará abúlé gbà pé ọ̀nà tí Obi dí ló fà á; nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, wọ́n ti fa ọgbà ilé-ìwé tu, wọ́n sì ti wó ilé kan níbẹ̀. Ta ló jẹ̀bi? Achebe kò dá ẹjọ́ náà. Ìjábọ̀ òyìnbó tó wá bẹ ilé-ìwé wò ló fi parí ìtàn. Ibẹ̀ gan-an ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u: kí ló dé tó jẹ́ òyìnbó yìí ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé "The Lottery" (1948) ti Shirley Jackson, ará Amẹ́ríkà, tì í. Níbẹ̀, àṣà ìlú ló ń pa èèyàn. Ọmọ tó gbèjà àṣà nígbà tí ẹ ka ìtàn Achebe yóò tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rò.